Ìjẹ́wọ́ Ìyá Tó Ń Wẹ Ọmọ ní Fìdítì

Bí ẹ bá dé Fìdítì, tí ẹ bọ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ọsàn lẹ́bàá títì, kí ẹ béèrè Àlàkẹ́ Ìyá Ṣínà. Ẹni tí ẹ bi yóò kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀. Yóò ní kí lẹ fẹ́ rí i fún. Bí ẹ bá ní ẹ bímọ ni, ẹ ń wá ẹni tí yóò bá yín wẹ ọmọ, yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀, yóò sì júwe ilé ẹlòmíràn fún yín. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, bí aboyún bá ti wọ oṣù kẹjọ ní àdúgbò yẹn, ìyá rẹ̀ yóò ti lọ bá Àlàkẹ́ sọ̀rọ̀ kí ó tó ra fìlà òtútù ọmọ.

Ọwọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Àwọn kan ní ọwọ́ ọbẹ̀, àwọn kan ní ọwọ́ irun dídì. Ti Àlàkẹ́, ara ọmọ tuntun ni Ọlọ́run dá a fún. Yóò jókòó sórí àpótí, yóò na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, yóò tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, yóò fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò ní gbàgbé abẹ́ àgbọ̀n, kò ní gbàgbé abíyá. Yóò fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orí rẹ̀ kí ó lè rí roboto, yóò na apá, yóò na ẹsẹ̀. Ìgbà tó bá ṣe gbogbo ìyẹn tán ni yóò wá gbá ọmọ mú lábẹ́ abíyá méjèèjì, yóò jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta, yóò sì hán an. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo pé kí wọ́n yéé ju ọmọ. Àlàkẹ́ ní kí nọ́ọ̀sì máa gún abẹ́rẹ́ tiẹ̀ lọ, pé ọmọ tí wọn kò bá jù sókè, ojo ni yóò yà. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tó fi ń ṣe é, ọmọ kan ò sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ilé Ṣàngó ni wọ́n bí i sí. Ṣàngówálé ni bàbá rẹ̀, àgbẹ̀ tí gbogbo Fìdítì mọ̀ pé kì í parọ́, nítorí òrìṣà tó ń sìn kò gba irọ́. Ọkọ ló mú Àlàkẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ ti kú báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì ló fi sílẹ̀ fún un. Ó sin ọmọ méjì kí ó tó bí Olúṣínà, èyí tó dúró, tó di tíṣà ní Ìlọrà, tó sì fẹ́ Rahmatullah, ọmọ àwọn mùsùlùmí kan tó ti ń dáko, tó sì ń ta gàrí ní ìlú yẹn láti ayé àwọn baba ńlá wọn. Ẹ̀sìn ò dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ẹbí méjèèjì. Ohun kan ṣoṣo tí Àlàkẹ́ ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́yìn ìgbéyàwó yẹn ni kí òun fi ọwọ́ òun wẹ ọmọ Olúṣínà. Ó ń sọ ọ́ lójú ọ̀nà, ó ń sọ ọ́ nídìí ọsàn. Àní, ó ti ra kànìnkànìn pamọ́.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ Ajíhìnrere Jesse. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ènìyàn dáadáa ni. Ọmọ Fìdítì ni, ó lọ sí Ìbàdàn, ó gbé kámẹ́rà bọ̀, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì jọ láti máa ṣe fíìmù ìhìn rere. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Ó ní àwọn baba wa fi agogo wàásù ní ìdájí, ó ní ta ló ń jí gbọ́ agogo mọ́? Inú fóònù ni ayé kó sí, inú ibẹ̀ náà ló yẹ kí ṣọ́ọ̀ṣì ju àwọ̀n sí. Ó ní bí èṣù bá lè fi fídíò mú àwọn ọmọ wa rẹ́rìn-ín lọ sí ọ̀run àpáàdì, àwa náà yóò fi fídíò mú wọn sunkún lọ sí ọ̀run rere. Nígbà tó sọ èyí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà mi orí, àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́.

Nínú fíìmù tó fẹ́ ṣe, ìyá àjẹ́ kan wà tí yóò jẹ́wọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá gbàdúrà fún un. Kò sí arábìnrin tó fẹ́ ṣe é. Èyí ní ọkọ òun ò ní gbà, tọ̀hún ní òun lóyún. Àlàkẹ́ ló yọ̀ǹda ara rẹ̀, ó ní eré ni eré ń jẹ́. Wọ́n ní kí ó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí àṣà ẹgbẹ́ náà fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe ènìyàn burúkú, pásítọ̀ ta òróró sí i lórí, ó di ọjọ́ tí wọ́n máa yà á.

Orúkọ tí wọ́n fún un nínú eré ni Ẹfúnbọ̀wálé. Orúkọ yìí kò sì dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó pe Ẹfúnbùnmi lẹ́ẹ̀kan, ó pe Ẹfúndáre lẹ́ẹ̀kejì, ìgbà kẹta ó dúró, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí lorúkọ òun. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Olúṣínà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó wá kí ìyá rẹ̀, wọ́n sì ti bu ìrẹsì fún un. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ìrẹsì há a lọ́fun. Oòrùn ti ń lọ, Jesse ò sì fẹ́ pàdánù ìmọ́lẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ fi Ẹfún sílẹ̀. Ẹ máa jẹ́ orúkọ yín, ẹ máa ṣe iṣẹ́ yín. Ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé.”

Àlàkẹ́ mí kanlẹ̀. Ó rántí àwọn ọmọ méjì tó sin, omijé sì dé. Ló bá lanu, ó ní, “Èmi Àlàkẹ́ ọmọ Ṣàngówálé, ará Fìdítì, àjẹ́ ni mí. Ọmọ tí ẹ gbé fún mi wẹ̀, tí mo bá ti jù ú sókè, ìràwọ̀ rẹ̀ ló máa ń já bọ́ sí mi lọ́wọ́.”

Kò sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un. Inú ara rẹ̀ ló ti wá. Ọmọbìnrin tó gbé iná dání sunkún, Jesse fò sókè, ó dì mọ́ ọn. Bí a ò bá ní tan ara wa jẹ, inú Àlàkẹ́ dùn lọ́jọ́ náà. Obìnrin tó ti ń wẹ ọmọ ọlọ́mọ láti ìgbà èwe, ta ló pàtẹ́wọ́ fún un rí? Ó rìn lọ sílé bí ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ, ó ń tún gbólóhùn yẹn sọ fún Olúṣínà lójú ọ̀nà, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Fíìmù ò tíì parí tí Jesse fi gé ìṣẹ́jú méjì jáde nínú rẹ̀, ó gbé e sórí fóònù kí àwọn ènìyàn lè máa retí rẹ̀. Ó kọ orúkọ fíìmù sí ìsàlẹ̀. Ẹnì kan tí a kò mọ̀ gé ìsàlẹ̀ yẹn kúrò kí ó tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, fídíò náà ti wọ Wọ́sáàpù àwọn tíṣà, ó ti wọ ti àwọn ọlọ́kadà, ó ti wọ ti àwọn obìnrin àsàlátù. Ohun tí wọ́n ń kọ sókè rẹ̀ ni pé ìyá tó ń wẹ ọmọ ní Fìdítì ti jẹ́wọ́ o, ẹ ṣọ́ ọmọ yín.

Hamidah ni Àlàkẹ́ kọ́kọ́ rí i lójú rẹ̀. Àlàkẹ́ ló wẹ ọmọ méjèèjì tí obìnrin yìí ti bí ṣáájú, nígbà tó sì bí ẹ̀kẹta, Àlàkẹ́ gbé kànìnkànìn rẹ̀, ó lọ. Hamidah kúnlẹ̀ kí i, ó gbé àga fún un, ó bu omi fún un mu. Ṣùgbọ́n ó ní ọmọ ń sùn, bẹ́ẹ̀ ọmọ ń sunkún nínú ilé. Bí Àlàkẹ́ ti ní kí òun wọlé wò ó, Hamidah dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì yẹ̀. Àlàkẹ́ jókòó títí ó fi mu omi tán, ó sì dágbére.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni ò pè é mọ́. Kò sí ẹni tó bú u. Ibi tó burú sí nìyẹn, nítorí bí wọ́n bá bú u, á rí ohun tí yóò fèsì. Wọ́n ń kí i, wọ́n ń ra ọsàn lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá tó bá pọn ọmọ yóò yí ẹ̀yìn sí apá ọ̀hún kí ó tó na ọwọ́ gba ọsàn. Ó ń bẹ láàárín ìlú, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n sé mọ́lé.

Ó pinnu láti sọ ọ́ ní gbangba. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó ní ẹ̀rí jáde, ó bọ́ síwájú, ó gba máíkì. Ó ní, “Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú fídíò yẹn,” kò tíì dé ibi tó ń lọ tí ṣọ́ọ̀ṣì fi gba halelúyà. Àwọn onílù kọlù, akọrin gbé orin, pásítọ̀ ń jó bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lókè. Ó ń sọ pé eré ni, eré ni. Ta ló ń gbọ́? Wọ́n gba máíkì lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìfẹ́, wọ́n sì jó mú un padà sí àyè rẹ̀.

Bí ó ti ń jáde lọ́jọ́ náà, obìnrin kan tí kò mọ̀ rí wólẹ̀ níwájú rẹ̀ nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Láti Akínmọ̀ọ́rìn ló ti gun ọ̀kadà wá. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án ni ọkọ òun ti ń lu òun, pé nígbà tí ọkọ náà rí fídíò Màmá, ó ní bí àjẹ́ bá lè yí padà, òun náà lè yí padà. Ó ti lọ sí ìpàdé ìsọjí Jesse, ó ti jáde fún Jésù, láti ọjọ́ náà kò sì tíì na ọwọ́ sí òun. Ó di ẹsẹ̀ Àlàkẹ́ mú, ó ń sunkún. Àlàkẹ́ wo àpá tó wà lábẹ́ ojú obìnrin náà. Ó gbé e dìde, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ̀.

Ó lọ bá Jesse nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ fún ayé pé eré ni. Jesse ò yájú sí i, ojú rẹ̀ gan-an kò tilẹ̀ balẹ̀. Ó ní ọkàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti jáde ní Akínmọ̀ọ́rìn nítorí ìṣẹ́jú méjì yẹn, pé bí òun bá sọ fún wọn báyìí pé eré ni, kí ni wọn yóò rò pé ìyókù ìhìn rere jẹ́? Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí fíìmù jáde ná, gbogbo ayé yóò rí i fúnra wọn. Lẹ́yìn náà ló wá gbé Bíbélì.

“Màmá, òwe ni Jésù fi ń kọ́ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé ọmọ onínàákúnàá yẹn kò sí láyé.”

“Ṣùgbọ́n kò dárúkọ rẹ̀, Ajíhìnrere. Kò ní ọmọ Ṣàngówálé ará Fìdítì.”

“Ó dárúkọ Lásárù.”

Àlàkẹ́ ní, “Lásárù kú nínú òwe yẹn. Èmi ṣì wà láyé, mo sì ní ọmọ-ọmọ tó ń bọ̀ tí mo fẹ́ wẹ̀.”

Jesse pa Bíbélì dé. Ó ní kí ó fún òun ní oṣù kan. Oṣù kan di mẹ́ta. Ọmọbìnrin tó ṣe ìyàwó nínú eré náà bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin, kò sì padà wá mọ́. Wọn ò lè fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ láàárín eré. Fíìmù dúró síbẹ̀ títí di òní. Ìṣẹ́jú méjì tí Àlàkẹ́ fi jẹ́wọ́ nìkan ló jáde nínú rẹ̀, ìyẹn ò sì ṣé kó padà.

Ní àárín oṣù wọ̀nyí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Ṣàngótúndé, ránṣẹ́ pè é. Òun ló kù tó ń sin òrìṣà bàbá wọn nínú ilé náà. Inú ń bí i gan-an, kì í sì í ṣe nítorí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn ènìyàn ti ń sọ pé kò yani lẹ́nu, pé ilé Ṣàngó ló ti jáde, bí ẹni pé àjẹ́ ni wọ́n ń sìn níbẹ̀. Ó ní ní gbogbo ayé rẹ̀, bàbá wọn ò fẹnu parọ́ mọ́ ẹlòmíràn, ká má wá sọ mọ́ ara rẹ̀. Àlàkẹ́ kúnlẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí inú ẹ̀gbọ́n rọ̀ díẹ̀, ó ní kí ó dìde.

“Irọ́ kan lo pa, o ò mọ̀ pé irọ́ ni. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọn ìbáà fi lọ̀ ẹ́, Àlàkẹ́, má pa ẹ̀kejì.”

Ó ṣèlérí fún un pé òun ò ní pa á.

Rahmatullah bímọ ní Ìlọrà ní ọjọ́ Ajé kan, ọmọkùnrin. Olúṣínà tẹ ìyá rẹ̀ láago, ó ní gbogbo rẹ̀ lọ dáadáa, ó sì ní kí ó má ṣe yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti tètè wá. Kí ló ń jẹ́ má yọ ara rẹ lẹ́nu fún ìyá? Ní ọjọ́ kejì gan-an, Àlàkẹ́ ti wọ mọ́tò. Ó gbé kànìnkànìn tó ti rà pamọ́, ó gbé ọṣẹ dúdú, ó gbé òrí tó fúnra rẹ̀ yọ́.

Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Hàwáù, ìyá Rahmatullah, ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ Ummu-Salamah. Wọ́n ní ẹ káàbọ̀ àna wa, ẹ kú ewu ọmọ, wọ́n gbé ẹran sí iwájú rẹ̀. Rahmatullah rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú ara ríro. Wọ́n gbé ọmọ wá, wọ́n dì í mú kí Àlàkẹ́ rí ojú rẹ̀, wọ́n sì gbé e padà. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọjà han ẹni tí kò ní í rà. Ó ní òun fẹ́ gbé omi kaná. Ummu-Salamah ní, “A ti wẹ̀ ẹ́, Màmá. Ó fẹ́ sùn.”

Ó jí ní ìdájí ọjọ́ kejì tó dé ibẹ̀ kí wọ́n tó jí, ó dáná, ó gbé omi kaná. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé omi náà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọjọ́ kẹta, a ti wẹ̀ ẹ́, Màmá. Ọjọ́ kẹrin, a ti wẹ̀ ẹ́, Màmá. Ó jókòó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fetí sí bí ọmọ ṣe ń ké. Ẹni tó bá ti wẹ ọmọ tó iye tí Àlàkẹ́ wẹ̀ mọ ohùn ẹkún. Èyí kì í ṣe ẹkún omi gbígbóná. Ẹkún ọwọ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe ni, ọwọ́ tó ń bẹ̀rù ọmọ.

Ní ọjọ́ karùn-ún, wọ́n gbé ọmọ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, òórùn kan sì bá a nímú. Ó dìde wò ó kí wọ́n tó yí i padà. Nǹkan funfun ti wà nínú ìṣẹ́po ọrùn ọmọ, awọ ibẹ̀ sì ti ń bó, ó pupa. Wọn ò fọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́. Wọ́n ní ẹ ṣé o Màmá, a máa wẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, pípupa náà ti dé etí.

Ó pe Olúṣínà sí ẹ̀yìnkùlé, ó bi í bóyá òun náà gbàgbọ́. Olúṣínà ní háà, Màmá, ṣé òun ò sí níbẹ̀ ni, ṣé ìrẹsì ò fẹ́rẹ̀ẹ́ há òun lọ́fun lọ́jọ́ náà? Ó ní òun ti sọ fún wọn títí ó sú òun. Àlàkẹ́ ní kí ó lọ gbé ọmọ rẹ̀ wá fún òun, ọmọ rẹ̀ ni, ilé rẹ̀ ni. Olúṣínà wo ilẹ̀. Ó ní Rahmatullah ò sùn, pé bí òun bá fi ipá ṣe é, wọn yóò gbé e lọ sí ilé wọn pẹ̀lú ọmọ. Ó ní kí Màmá ní sùúrù. Àlàkẹ́ ti gbọ́ sùúrù yìí lẹ́nu Jesse, ó mọ bó ṣe ń gùn tó.

Ọ̀la ni wọn yóò kó ọmọ jáde nígbà tí Hàwáù wá jókòó tì í. Obìnrin náà kì í ṣe ọ̀tá. Ojú rẹ̀ pọ́n, kò sùn dáadáa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ. Ó di ọwọ́ Àlàkẹ́ mú.

“Àna mi, ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Ẹni tó ṣe nǹkan, tó jẹ́wọ́, Ọlọ́run ń dárí jì í. Alùfáà wa sọ bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ yín náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ ṣe é, Ọlọ́run sì ti gbà yín, mo máa gbé ọmọ yìí lé yín lọ́wọ́ ní báyìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́wọ́ lójú ayé, tó tún ń ní òun ò ṣe é, ẹ̀rù rẹ̀ ló ń bà mí.”

Ẹ wo ibi tí wọ́n sé ọmọ ènìyàn mọ́. Bó bá sọ òótọ́, ìyá àjẹ́ alágídí ni. Bó bá parọ́, màmá àgbà ni. Àlàkẹ́ ṣí ẹnu láti sọ nípa Ẹfúnbọ̀wálé, nípa kámẹ́rà, nípa ìmọ́lẹ̀ tó ń lọ, ọ̀rọ̀ tó ti sọ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà. Ó rántí ìlérí tó ṣe fún Ṣàngótúndé. Ó rántí bàbá rẹ̀. Nínú yàrá, ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí ké, ó ń ké nítorí ọrùn rẹ̀, gbogbo ọmú inú ayé ò sì lè pa ẹkún yẹn mọ́ ọn lẹ́nu. Ara Àlàkẹ́ ò gbà á mọ́.

Ó ní, “Mo ṣe é. Ọlọ́run ti gbà mí.”

Hàwáù ní Alihamudulilahi, ó bú sẹ́kún, ó dì mọ́ ọn. Ummu-Salamah jáde wá, òun náà ń nu ojú. Inú wọn dùn tọkàntọkàn, bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Olúṣínà dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbọ́. Ìyá rẹ̀ wò ó, ó fẹ́ fi ojú sọ fún un pé o mọ̀, ìwọ ṣáà mọ̀. Olúṣínà yára wo ibòmíràn.

Wọ́n gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. Ó wọ yàrá, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó tẹ́ ọmọ sórí ojúgun. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbàgbé nǹkan kan. Ó rọra ṣí ìṣẹ́po ọrùn náà, ó fi owú àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún díẹ̀díẹ̀, ó nù ún gbẹ. Ó fọ abẹ́ àgbọ̀n, ó fọ abíyá, ó tẹ orí, ó na apá, ó na ẹsẹ̀. Ẹkún dá. Ọmọ la ojú, ó ń wò ó. Rahmatullah rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Màmá, ẹ ò rí i bó ṣe dákẹ́.” Àlàkẹ́ ń kọrin kékeré kan lábẹ́ ẹnu, orin tó ń kọ fún gbogbo wọn. Fún ìwọ̀nba ìgbà yẹn, ó gbàgbé pé fóònù wà láyé.

Ó wá gbá ọmọ mú lábẹ́ abíyá méjèèjì, ó gbé e sókè láti jù ú.

Nígbà tó gbójú sókè, ọwọ́ ló rí. Hàwáù ti tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, Ummu-Salamah ti tẹ́ tirẹ̀, Rahmatullah ti bọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú gbogbo ara ríro. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó kọ́kọ́ dé, tó sún mọ́ ọmọ jù lọ, ọwọ́ Olúṣínà ni. Olúṣínà tó jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ eré. Olúṣínà tí òun fúnra rẹ̀ jù sókè lẹ́ẹ̀mẹta láràárọ̀ fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Àlàkẹ́ gbé ọmọ sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó fi òrí pa á lára, ó wé e, ó gbé e fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ní ẹ ṣé o, Màmá. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń jẹ́ kí ó wẹ̀ ẹ́ nígbàkúùgbà tó bá dé Ìlọrà, ọrùn ọmọ sì ti san. Nínú gbogbo ọmọ tí Àlàkẹ́ wẹ̀ láyé rẹ̀, ọmọ-ọmọ tirẹ̀ nìkan ni kò jù sókè.